Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìlànà oúnjẹ fún àgbàlagbà: “Ẹ dín oúnjẹ kù” nìkan kò tó

Sí gbogbo ìgbìmọ̀ tó ń kọ ìlànà oúnjẹ fún àwọn tó ti dàgbà, àti àwọn àjọ tó ń fowó sí ìwádìí lórí ọjọ́ ogbó.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, a kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ohun tó mú wa kọ̀wé ni ìmọ̀ràn kan tó ń jáde léraléra nínú ìwé ìtọ́ni fún àgbàlagbà: pé kí wọ́n dín oúnjẹ kù, kí ọpọlọ wọn lè jí pépé di ọjọ́ alẹ́. Ìlà kan péré ni wọ́n sábà máa ń fi kọ ọ́. Kò sí ọjọ́ orí níbẹ̀, kò sí iye, kò sí ohun tó yẹ kí èèyàn máa wọ̀n, kò sì sí àmì tí ẹni náà máa rí tó fi máa mọ̀ pé ó yẹ kóun dáwọ́ dúró. Ẹni ọdún 45 tó sanra jù àti ẹni ọdún 78 tí gbogbo aṣọ rẹ̀ ti ń tóbi jù fún ń ka ìlà kan náà.

Ìwádìí tó wà lẹ́yìn ìmọ̀ràn yìí kì í ṣe irọ́. Iṣẹ́ ńlá ni, ọjọ́ sì ti pẹ́ tí wọ́n ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ìwádìí náà sọ kọ́ lẹ ń kọ fún àwọn àgbà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu la fi ń sọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ.

1. Ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn ọ̀bọ kọ́ lẹ kọ sínú ìwé

Láti ọdún 1935 ni Clive McCay àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Cornell ti fi hàn pé èkúté tí wọ́n dín kálórì rẹ̀ kù, àmọ́ tí wọn ò jẹ́ kí àwọn èròjà aṣaralóore wọ́n ọn, lè pẹ́ láyé ju èyí tó ń jẹ àjẹyó lọ. Apá kejì gbólóhùn yẹn wúwo tó apá àkọ́kọ́. Agbára tó ń tinú oúnjẹ wá ló dín. Ohun tí ara fi ń tún ara ṣe kò dín.

Ìlànà yìí náà ni wọ́n tẹ̀ lé lára ọ̀bọ rhesus. National Institute on Aging, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí lórí ọjọ́ ogbó, bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 1987, Yunifásítì Wisconsin bẹ̀rẹ̀ ní 1989. Ní Wisconsin, wọ́n kọ́kọ́ wọn iye tí ọ̀bọ kọ̀ọ̀kan máa ń jẹ, torí pé bí ọ̀kan ṣe ń jẹun kọ́ ni èkejì ń jẹun. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ń yọ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù, fún oṣù 3, títí ó fi dín ní ìdá 30. Wọ́n sì fi fítámì àti mínírà kún oúnjẹ àwọn tí wọ́n dín tiwọn kù. Àwọn ọ̀bọ náà jẹ́ ọmọ ọdún 7 sí 14 nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀bọ rhesus tí wọ́n bá ń tọ́jú dáadáa lè sún mọ́ ogójì ọdún. Ìgbà tí ara wọn ṣì le ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n ti gbó.

Ní 2009, èsì Wisconsin jáde. Nínú àwọn tó ń jẹ díẹ̀, 13% ni àìsàn ọjọ́ ogbó ti pa. Nínú àwọn yòókù, 37%. Nígbà tí wọ́n fi MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, wo ọpọlọ wọn, àwọn ibì kan nínú lọ́hùn-ún tó ń bá ara darí ìrìn àti ìṣesí kò súnkì tó ti àwọn ẹgbẹ́ wọn.

Ní 2025, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Boston tún gbé àyẹ̀wò mìíràn jáde, lórí ọpọlọ àwọn ọ̀bọ tí wọ́n ti dín kálórì wọn kù ní 30% fún ohun tó lé ní 20 ọdún. Apá funfun ọpọlọ ni wọ́n wò, sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni àwọn okùn tó ń gbé iṣẹ́ láti ibì kan dé ibòmíràn nínú ọpọlọ gbà kọjá. Ọ̀rá kan tó ń jẹ́ myelin ló bo àwọn okùn náà, òun ló ń jẹ́ kí iṣẹ́ yára dé ibi tó ń lọ. Bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè ni myelin ń tú, èérún rẹ̀ a máa kó jọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì agbèjà tó ń gbé inú ọpọlọ, ìyẹn microglia, a sì máa wà lójú ìjà láìsinmi. Nínú ọpọlọ àwọn ọ̀bọ tó jẹ díẹ̀, jíìnì tó jẹ mọ́ ṣíṣe myelin ṣì ń ṣiṣẹ́ ju ti àwọn tó jẹun bó ṣe wù wọ́n, àwọn ọ̀nà tí sẹ́ẹ̀lì ń gbà jó ṣúgà àti tó ń gbà ṣe ọ̀rá náà sì ṣì lágbára.

Ẹ̀rí gidi nìyẹn, ó sì dùn mọ́ wa nínú. Àmọ́ iṣẹ́ jíìnì nínú ọpọlọ ọ̀bọ tó ti kú ni wọ́n wọ̀n níbẹ̀. Kò tíì sọ ohunkóhun fún wa nípa bóyá ẹni ọdún 75 tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun díẹ̀ láti oṣù tó kọjá á máa rántí orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀.

2. Èsì tí ẹ ń fò kọjá

Ní 2012, National Institute on Aging tẹ èsì tiwọn jáde: àwọn ọ̀bọ tó ń jẹ díẹ̀ kò pẹ́ láyé ju àwọn yòókù lọ. Nígbà tí ilé ìwádìí méjèèjì wá jókòó papọ̀ tí wọ́n sì da ìṣirò wọn pọ̀ ní 2017, ìdí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Oúnjẹ Wisconsin ní ṣúgà tó tó 28.5%, ti àjọ kejì kò ju 3.9% lọ. Àwọn ọ̀bọ tí wọn ò dín oúnjẹ wọn kù ní Wisconsin ń jẹ bó ṣe wù wọ́n, wọ́n sì sanra. Ní ibi kejì, ìwọ̀n ni wọ́n ń bù fún wọn pẹ̀lú, kí wọ́n má baà sanra jù. Ọjọ́ orí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ náà yàtọ̀: àwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ nígbà èwe kò jàǹfààní bí àwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n ti dàgbà tán. Ìtumọ̀ èyí ni pé ara ẹni tó ń jẹ ju bó ṣe yẹ, tó ń jẹ ṣúgà jù, ni dídín oúnjẹ kù ti máa ń hàn jù lọ. Ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ ti dára, tó sì ti ń jẹ níwọ̀n, kò ní ohun tó pọ̀ tó máa yọ kúrò.

Ìwádìí tó yẹ kí ẹ máa kà sókè nínú gbogbo ìpàdé yín ni ti 2018, èyí tí wọ́n ṣe ní Brunoy, ní ilẹ̀ Faransé, lára ẹranko kékeré kan tó ń jẹ́ mouse lemur. Wọ́n dín kálórì wọn kù ní 30%. Ọdún tí ìdajì wọn fi wà láàyè kúrò ní 6.4, ó di 9.6. Ẹ gbọ́ bí ó ti pọ̀ tó! Apá funfun ọpọlọ wọn náà pẹ́ kó tó gbó. Ṣùgbọ́n apá aláwọ̀ eérú, níbi tí ara àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ronú wà, yára súnkì ju ti àwọn tó jẹun déédéé. Nígbà tí wọ́n dán ìrántí wọn wò, kò yàtọ̀: kò dára sí i, kò sì burú sí i.

Ìwádìí kan rèé tó fi hàn pé ara lè pẹ́ láyé, kí apá kan ọpọlọ jàǹfààní, kí apá kejì sì máa dín. A ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí lára èèyàn. Ohun tí à ń sọ ni pé ẹni tó bá kọ ọ́ sínú ìwé pé “ó dára fún ọpọlọ” gbọ́dọ̀ sọ apá wo, kó sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí apá kejì.

Ti eku náà wà níbẹ̀. Ní 2010, wọ́n dán an wò lára ìran eku tó lé ní 40, wọ́n dín oúnjẹ wọn kù ní 40%. Àwọn ìran tí ẹ̀mí wọn kúrú sí i pọ̀ ju àwọn tí ẹ̀mí wọn gùn sí i lọ. Ní 2024, ìwádìí mìíràn lára abo eku 960 fi hàn pé dídín oúnjẹ kù mú ẹ̀mí gùn ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí eku jogún lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ lágbára ju ohun tó ń jẹ lọ, àti pé àwọn tí ara wọn kò tètè fọn lábẹ́ oúnjẹ díẹ̀ ló pẹ́ jù. Fífọn kọ́ ni ẹ̀rí pé ó ń ṣiṣẹ́. Inú ìwé yín la sì ti ń rí i pé ìwọ̀n tó ń jábọ́ ni wọ́n fi ń yọ̀.

3. Ohun tó ti hàn lára èèyàn kéré sí ohun tí ẹ ń sọ

CALERIE, ìwádìí tó dán dídín kálórì kù wò lára èèyàn, ni gbogbo ayé ń tọ́ka sí. Èèyàn 218 ló wà nínú rẹ̀, ìbò ni wọ́n fi pín wọn: 143 dín kálórì kù, 75 ń bá oúnjẹ wọn lọ. Ọdún 2 ló gbà. Ẹ wo ọjọ́ orí wọn: kò sí ẹni tó ti kọjá ọdún 50 nígbà tó wọlé. Ìdá 25 ni wọ́n ní kí wọ́n dín. Nǹkan bí ìdá 12 ni wọ́n rí dín, bẹ́ẹ̀ àwọn onímọ̀ oúnjẹ ló ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n fẹnu sọ pé àwọn jẹ ni wọ́n fi mọ iye yẹn. Omi kan tí wọ́n fi àmì sí ni wọ́n mu, wọ́n wá ń yẹ ìtọ̀ wọn wò láti ṣírò agbára tí ara wọn jó. Ìdí ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mọ iye tóun ń jẹ, wọ́n máa ń sọ ọ́ ní kékeré. Ẹni tó ń tẹ̀ lé ìmọ̀ràn yín nílé kò ní irú omi bẹ́ẹ̀. Ó lè rò pé òun ti dín ìdá 10 nígbà tí kò dín nǹkan kan. Ó sì lè ti dín ìdá 35 láìmọ̀, pàápàá tó bá jẹ́ pé òun nìkan ló ń gbé, tí ebi kì í sì í tètè pa á mọ́.

Àwọn èèyàn CALERIE dín nǹkan bí ìdá 10 nínú ìwọ̀n ara wọn. Ẹ̀jẹ̀ ríru wọn lọ sílẹ̀, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ náà lọ sílẹ̀. Ní ti ọpọlọ, ìdánwò kan tó ń wọn bí èèyàn ṣe ń fi ibi tí nǹkan wà sọ́kàn fún ìgbà díẹ̀ dára sí i díẹ̀. Ṣùgbọ́n kíki egungun wọn dín, ní ìbàdí àti ní ọ̀pá ẹ̀yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń fún wọn ní fítámì àti calcium lójoojúmọ́. Lára ẹni ọdún 38, ìyẹn ṣeé fara dà. Lára ẹni ọdún 78, egungun ìbàdí tó bá ṣẹ́ lè gbé e sórí ibùsùn fún oṣù púpọ̀, ọpọlọ tó ń wà lórí ibùsùn kì í sì í jí pépé.

Ìwádìí Yunifásítì Münster ní Jámánì ní 2009 ló sún mọ́ ọjọ́ orí tí à ń sọ jù. Àádọ́ta èèyàn ni wọ́n, ọjọ́ orí wọn tó nǹkan bí 60. Àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n dín kálórì kù ní 30% fún oṣù 3 ṣe dáadáa sí i ní nǹkan bí ìdá 20 nínú ìdánwò rírántí ọ̀rọ̀. Àwọn tí ínsúlínì wọn lọ sílẹ̀ jù ló jàǹfààní jù. Èsì rere ni. Àmọ́ oṣù 3 péré ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sanra ju bó ṣe yẹ, èèyàn tó wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kò sì tó nǹkan.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ti MIND, irú oúnjẹ kan tí wọ́n ṣètò nítorí ọpọlọ, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2023. Èèyàn 604, ọdún 65 sókè, wọ́n sanra díẹ̀, àrùn ìgbàgbé sì wà nínú ẹbí wọn. Ẹgbẹ́ kan ń jẹ oúnjẹ MIND, ẹgbẹ́ kejì ń jẹ oúnjẹ tó ti mọ́ wọn lára. Ọdún 3 ni wọ́n fi tẹ̀ lé wọn, wọ́n sì fi MRI wo ọpọlọ wọn. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin ẹgbẹ́ méjèèjì kò tó ohun tí a lè fọwọ́ sọ̀yà lé. Ìrántí ẹgbẹ́ méjèèjì ló gòkè. Kí ló dé? Wọ́n ní kí àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì dín 250 kálórì kù lójúmọ́, ìwọ̀n àwọn méjèèjì sì lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí kílò 5. Ó lè jẹ́ kálórì tó dín ló ran gbogbo wọn lọ́wọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ìdánwò náà ti mọ́ wọn lára torí pé wọ́n ń ṣe é léraléra. Nítorí pé kò sí ẹgbẹ́ kankan tí kò dín kálórì kù, kò sẹ́ni tó lè yà á sọ́tọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fowó sí ìwádìí, iṣẹ́ tó kù nílẹ̀ nìyẹn. Owó ńlá ti wọlé, èèyàn tó yẹ ti péjọ, ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n béèrè ló bọ́ sílẹ̀.

4. Lẹ́yìn ọdún 65, ìṣirò yí padà

Ọpọlọ kò ju bí ìdá 2 nínú ìwọ̀n ara lọ, ṣùgbọ́n òun ló ń ná nǹkan bí ìdá 20 nínú agbára tí ara ń ná nígbà tí a bá jókòó jẹ́ẹ́. Tí kálórì bá dín, ínsúlínì àti IGF-1, ìyẹn èròjà tó ń mú ara dàgbà, á lọ sílẹ̀, AMPK tó ń ṣọ́ agbára inú sẹ́ẹ̀lì á jí, mTOR á sì rọlẹ̀. mTOR ni ọ̀gá kọ́lékọ́lé inú sẹ́ẹ̀lì. Tó bá ti dẹwọ́, sẹ́ẹ̀lì á bẹ̀rẹ̀ sí í tú purotéènì tó ti bàjẹ́ àti mitochondria (ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣe agbára) tó ti gbó palẹ̀, á sì lo èyí tó ṣì dára nínú wọn padà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ibẹ̀ gan-an ni àǹfààní ọpọlọ ti ń wá.

Ẹ wá wo ìdààmú tó wà níbẹ̀. mTOR kan náà ni ẹran ara fi ń sọ purotéènì di ẹran tuntun. Ẹran ara àgbàlagbà kì í tètè dáhùn sí purotéènì mọ́: ohun tí ọ̀dọ́ máa jẹ tó máa tó o, kò ní tó àgbà. Tí a bá wá tún ọ̀gá kọ́lékọ́lé yìí rọ̀ sí i, ọpọlọ lè jèrè, ẹran ara á máa pàdánù. Ẹni ọdún 45 ní ẹran tó máa pàdánù. Ẹni ọdún 78 kò ní.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sọ ọ́. Àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ oúnjẹ gbà pé àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le nílò nǹkan bí 30 kálórì fún kílò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, àti purotéènì gíráàmù 1.0 sí 1.2 fún kílò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó wọn kílò 60 nílò 1,800 kálórì nìyẹn, àti purotéènì gíráàmù 60 sí 72. Ká ní gíráàmù 60 ló ń jẹ tẹ́lẹ̀. Tó bá dín gbogbo ohun tó wà nínú àwo rẹ̀ kù ní 30%, bí wọ́n ṣe dín ti àwọn ọ̀bọ, torí pé ìwé yín kò sọ iye fún un, kálórì á di 1,260, purotéènì á di gíráàmù 42. Ìyẹn jẹ́ 0.7 fún kílò kan, ó sì ti kéré sí 0.8 tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ọ̀dọ́ pàápàá. Kí purotéènì rẹ̀ tó lè dúró sí gíráàmù 60 sí 72 nínú 1,260 kálórì, purotéènì gbọ́dọ̀ kúrò ní ìdá 13 sí 16 nínú kálórì rẹ̀, kó di ìdá 19 sí 23. Àwo náà gbọ́dọ̀ yí padà pátápátá. Dídín in kù nìkan kò lè ṣe é. Kò sí ibi kankan nínú ìlà yín tí ẹ ti sọ èyí.

(Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́ púpọ̀ kò gbọdọ̀ gbé purotéènì sókè láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ fọwọ́ sí i. Èyí náà yẹ kó wà nínú ìwé.)

5. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́

Èyí tó burú jù ni kí a máa fi ìmọ̀ràn yìí ran àrùn ìgbàgbé lọ́wọ́ láti fara pa mọ́. Ìwádìí Whitehall II, tó tẹ̀ lé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní London fún ọ̀pọ̀ ọdún, fi hàn ní 2018 pé sísanra jù ní ọdún 50 ń bá ewu àrùn ìgbàgbé rìn. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ọdún 8 kí dókítà tó dárúkọ àrùn náà ni ìwọ̀n ara àwọn tó máa ní in ti ń lọ sílẹ̀ ju ti àwọn yòókù. Ara ti ń sọ̀rọ̀ kí ẹnu tó gbàgbé. Nítorí náà, tí ẹni ọdún 72 bá ń fọn láìmọ ìdí, tó wá ka ìwé yín, á rò pé ohun rere lòún ń ṣe fún ọpọlọ òun. Àwọn ọmọ rẹ̀ náà á rò bẹ́ẹ̀. Ọdún tó yẹ kí wọ́n fi gbé e lọ fún àyẹ̀wò á sì kọjá lọ.

Oògùn ló tẹ̀ lé e. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tó ń gún ínsúlínì, tàbí tó ń lo glibenclamide tàbí glimepiride, tó wá dín oúnjẹ kù láìdín oògùn kù, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì. Ọpọlọ kò ní ibi tó ń kó ṣúgà pa mọ́ sí tó pọ̀. Ìdàrúdàpọ̀ ọkàn, gìrì àti dídákú ló ń tẹ̀ lé e, àgbàlagbà tí èyí bá sì ń ṣẹlẹ̀ sí léraléra wà nínú ewu àrùn ìgbàgbé ju ẹlòmíràn lọ. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru náà ń kọ́? Tí ìwọ̀n ara bá lọ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru náà á lọ sílẹ̀, oògùn tí kò sì tíì dín á wá pọ̀ jù. Tó bá dìde lójijì, òòyì á kọ́ ọ, á ṣubú, á sì lè forí gbálẹ̀.

Fítámì B12 kì í tètè wọ ara àgbàlagbà, torí omi kíkan inú ikùn ti dín; metformin (oògùn àtọ̀gbẹ) àti omeprazole (oògùn tó ń dín omi kíkan inú ikùn kù) tún ń dín in kù sí i. Àìtó B12 máa ń fara jọ àrùn ìgbàgbé débi pé wọ́n lè ṣì í mú. Thiamine, ìyẹn B1, kì í pẹ́ lára ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ. Ẹni tó ń jẹun díẹ̀ tó tún ń bì tàbí tó ń mu ọtí púpọ̀ lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ kíákíá. Omi pàápàá: nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún omi tí a ń rí lóòjọ́ inú oúnjẹ ló ti ń wá. Àgbà tó dín oúnjẹ kù, tí òùngbẹ kì í sì í tètè gbẹ, á máa gbẹ nínú láìmọ̀, ọkàn rẹ̀ á sì máa dàrú.

A ò gbọdọ̀ fo ti inú dídùn kọjá. Ní 1944 sí 1945, Ancel Keys fi oúnjẹ tó tó nǹkan bí 1,570 kálórì bọ́ ọkùnrin 36 fún ọ̀sẹ̀ 24 ní Minnesota, wọ́n sì pàdánù nǹkan bí ìdá 25 nínú ìwọ̀n wọn. Ìbànújẹ́ bò wọ́n, ìbínú wọn ò jìnnà, oúnjẹ nìkan ni wọ́n ń rò, wọ́n sì yẹra fún èèyàn. Ìyẹn le ju ohun tí à ń sọ lọ, ebi ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń dá gbé, tó sì ti ń banú jẹ́ tẹ́lẹ̀, kò jìnnà sí etí odò yẹn.

6. Ohun tí à ń béèrè

Ẹ yọ ìlà kan ṣoṣo yẹn kúrò, kí ẹ sì fi ojúlówó ìtọ́ni rọ́pò rẹ̀. Kó kọ ọjọ́ orí: fún ẹni ọdún 40 sí 60 tó sanra ju bó ṣe yẹ, kí ó dín 250 kálórì lójúmọ́ tàbí ìdá 10 sí 12, díẹ̀díẹ̀ láàárín oṣù 3, láti inú ṣúgà, ohun mímu dídùn, ọtí àti oúnjẹ díndín. Ẹja, ẹ̀wà, ẹyin, ẹ̀fọ́ àti èso kò gbọdọ̀ dín. Kó máa ṣe eré ìdárayá tó ń fún ẹran ara lágbára, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Fún ẹni tó ti lé ní ọdún 65, kí ìwé sọ pé kó má bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Tí BMI rẹ̀, ìyẹn ìṣirò ìwọ̀n ara sí gíga ẹni, bá wà lábẹ́ 22 lẹ́yìn ọdún 70, kó má bẹ̀rẹ̀ rárá. Kí wọ́n yẹ àwọn oògùn rẹ̀ wò kó tó yọ síbí oúnjẹ kan, kí wọ́n sì yẹ B12 rẹ̀ wò.

Ẹ kọ àmì ìdádúró síbẹ̀ ní lẹ́tà tó tóbi. Kó máa wọn ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, láàárọ̀, kó tó jẹun. Tí ìwọ̀n bá fi lé ní ìdá 5 lọ sílẹ̀ láàárín oṣù 6 láìjẹ́ pé ó pinnu rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìyẹn kílò 3 fún ẹni kílò 60, kó dá a dúró, kó lọ rí dókítà, kó sì sọ fún un pé kó yẹ ìrántí òun náà wò. Kó jókòó sórí àga, kó ká apá mọ́ àyà, kó dìde ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún: tó bá gbà ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ, ẹran ara rẹ̀ ti ń dín agbára. Ní ilé ìwòsàn tó bá ní ẹ̀rọ tó ń wọn bí ọwọ́ ṣe lágbára tó, tó bá wà lábẹ́ kílò 27 fún ọkùnrin tàbí 16 fún obìnrin, kí wọ́n má dín oúnjẹ rẹ̀ kù.

Ẹ̀yin tí ẹ di owó ìwádìí mú, ẹ fowó sí ìwádìí tó yẹ kó ti wà. Àwọn ẹni ọdún 60 sí 75 ni kó kó jọ, kí wọ́n fi ìbò pín wọn sí mẹ́ta: ẹgbẹ́ tó dín kálórì kù ní ìdá 12, ẹgbẹ́ tó dín in kù bẹ́ẹ̀ tó tún ń ṣe eré ìdárayá pẹ̀lú purotéènì tó pé, àti ẹgbẹ́ tí kò dín nǹkan kan kù. Irú oúnjẹ kan náà ni kí gbogbo wọn máa jẹ, kí ó lè jẹ́ pé iye nìkan ló yàtọ̀. Kó gba ọdún 5. Kí wọ́n fi omi tó ní àmì mọ ohun tí wọ́n ń jẹ ní tòótọ́. Ẹ̀rọ MRI kan náà ni kí wọ́n lò, ní wákàtí kan náà lójúmọ́, nígbà tí wọ́n bá ti mu omi tó, torí pé ara tó gbẹ ń jẹ́ kí ọpọlọ dà bí èyí tó súnkì. Ìdánwò ìrántí ní oríṣi tó yàtọ̀ lọ́dọọdún, kó má baà mọ́ wọn lára. Egungun àti ẹran ara lọ́dọọdún.

Tí èsì bá sì jáde, kí wọ́n tẹ ti apá funfun àti ti apá aláwọ̀ eérú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, èyíkéyìí tí kò bá dára nínú wọn pẹ̀lú. Títí dìgbà náà, ẹ má ṣe tẹ ìwé mìíràn tó ń sọ fún ẹni ọdún 78 pé jíjẹun díẹ̀ ló máa gba ọpọlọ rẹ̀ là.